Àlejò Tó Gbé Oúnjẹ Rẹ̀ Wá

Àpò ńlá méjì ni àlejò wa gbé wá. Aṣọ ló wà nínú ọ̀kan. Nígbà tí ìyá mi bá a gbé èkejì gun àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, síìpù àpò náà já, núdù gbígbẹ inú ọ̀rá sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde, ẹja inú agolo ń yí gbirigbiri tẹ̀ lé e, bísíkíìtì ló kẹ́yìn. Agolo kan yí títí ó fi wọ abẹ́ àga. Ìyá mi dúró. Ó wo ilẹ̀, ó wò mí, ó sì fi Yorùbá bi mí pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu kí àlejò má baà fura:

"Ṣé wọ́n sọ fún un pé ìyàn mú nílùú wa ni?"

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo kàn ń béèrè ni."

Obìnrin náà ti kúnlẹ̀, ó ń ṣa ọ̀rá núdù jọ, ojú sì ń tì í. Á ti lé díẹ̀ ní ọmọ ogójì ọdún. Ó kúrú, ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Táílàǹdì ló ti wá. Iṣẹ́ irúgbìn ìrẹsì ló ń ṣe lọ́hùn-ún, wọ́n sì pè é wá sí Àbújá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ènìyàn láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè péjọ sí. Òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sí ti kún, ló bá wá yàrá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì rí tiwa ní àdúgbò Durumi.

Èmi ni mo gbé yàrá náà síbẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjèèjì sì ti lọ, ọ̀kan sí Pọ́tákọ́ọ̀tù, èkejì sí Kánádà, yàrá méjì ló ṣófo nílé. Ìyá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Èmi ń jí lọ síbi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mi ní Wuse, n kì í dé títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ní ilé náà ti dákẹ́ jù, pé tí òun bá húkọ́, ògiri ló ń kí òun pẹ̀lẹ́. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba àlejò nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa ni àwọn tó ti ń wá: ẹni tó wá ṣe ìwé ìrìnnà, ẹni tí wọ́n pè fún iṣẹ́, ọkọ ìyàwó tí kò fẹ́ sun ilé àna. Obìnrin yìí ni àkọ́kọ́ tó ti òkè òkun wá.

Nígbà tó ṣa ẹrù rẹ̀ tán, ó tọrọ àforíjì. Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ. Tirẹ̀ ń fò bí ẹyẹ láti orí ọ̀rọ̀ kan sí òmíràn, ti ìyá mi sì ní ohùn Kàbà nínú.

"Ẹ má bínú, Màmá. Àwọn ará ilé mi ló di gbogbo rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun níbí. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ rìn níta. Wọ́n ní tí ẹnikẹ́ni bá rẹ́rìn-ín sí mi, kí n yáa di fóònù mi mú."

Èmi rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?"

Àlejò ronú díẹ̀. "N ò mọ̀, Màmá. Bóyá ìròyìn. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó rí ọmọ Nàìjíríà rí. Bọ́ọ̀lù la mọ̀ yín mọ́, àti..."

"Àti jìbìtì," ni mo bá a parí ẹ̀.

"Ẹ má bínú," ó tún wí.

Kò bí mi nínú. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, iṣẹ́ gbé mi dé ìlú òyìnbó kan fún ìpàdé. Ọkùnrin tó jókòó tì mí nídìí oúnjẹ bi mí níbi tí mo ti wá. Bí mo ṣe dárúkọ Nàìjíríà, ó ní ṣé n kì í ṣe ìbátan ọmọ ọba tó máa ń kọ̀wé sí òun lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé kí òun wá gba ogún. Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín, èmi náà sì fi eyín lásán bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó bi ọmọ Íńdíà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nípa oúnjẹ wọn. Ó bi ọmọ Mẹ́síkò nípa oúnjẹ tiwọn náà. Ó ti jẹ méjèèjì ládùúgbò rẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó ti sùn ní abúlé wọn rí. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohun tí à ń jẹ nílé wa. Mo rántí pé ìyẹn dùn mí ju ti ọmọ ọba lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi gbé oúnjẹ tí mo ní kó gbé fún un kalẹ̀: búrẹ́dì, ẹyin díndín àti tíì. Mo ti ṣàlàyé fún un pé ohun tí àwọn ará òkèèrè máa ń jẹ nìyẹn, kí ata wa má lọ bá inú àlejò jà. Àlejò jẹ díẹ̀, ó dúpẹ́, ó tẹrí ba, ó padà sí yàrá rẹ̀. Kò pẹ́ tí òórùn kan gba abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ jáde. Ìyá mi sín. Ó tún sín. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́.

"Kí ló ń sè níbẹ̀ yẹn?"

"Núdù ni, Mọ́mì."

"Irú núdù wo ló ń ta sí ni lọ́fun báyìí?" Ó fa afẹ́fẹ́ símú bí ẹni tó ń wá ibi tí iná ti ń jó. Lójijì ó pàtẹ́wọ́. "Ata nìyẹn! Ata gidi! Ọmọ yìí ń jẹ ata, o sì ní kí n máa fún un ní búrẹ́dì bí ẹni tó wà nílé ìwòsàn!"

Nígbà tó di Sátidé, kò bi mí léèrè mọ́. Ó gbé odó jáde sẹ́yìn ilé, ó fi iṣu sórí iná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ pẹ̀lú ata rodo, edé, ẹja gbígbẹ àti pọ̀nmọ́. Irú tó lò kì í ṣe ti inú ọ̀rá. Ìbátan wa kan ló fi ránṣẹ́ láti ilé, wọ́n fi ewé wé e, òórùn rẹ̀ sì ti kún inú ọkọ̀ kó tó dé Àbújá. Bí irú yẹn ṣe kan epo gbígbóná, mo sáré lọ ṣí fèrèsé. Àbújá ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, láàárín àwọn ọmọ tó máa ń fọwọ́ di imú tí wọ́n bá wọ ilé ẹni, ara mi sì ti kọ́ láti máa tijú kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. N kò tíì ṣí fèrèsé kejì tán tí ilẹ̀kùn yàrá àlejò ṣí.

Láìwọ bàtà ló jáde, ó ń tẹ̀ lé imú rẹ̀.

"Màmá, kí lẹ ń sè?"

Ìyá mi fi irú tó kù hàn án nínú ewé. Obìnrin náà fi ìka méjì mú un, ó gbé e símú, ó sì dijú. Ó pẹ́ tó fi dijú. Mo rò pé ó fẹ́ bì. Ìgbà tó lajú, omi ló wà nínú rẹ̀.

Ó ní nílé àwọn, edé wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa ń fi iyọ̀ sí, wọ́n á sá a sí oòrùn, wọ́n á gún un, á wá máa rùn débi pé àlejò á sá jáde. Ìyá òun kò lè se ọbẹ̀ láìfi sí i. Ó ní òun kò mọ̀ pé òun á pàdé àbúrò rẹ̀ ní Àbújá.

"Àbúrò?" ni ìyá mi wí. "Ta ló sọ fún ọ pé tiwa làbúrò?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ẹ̀fọ́ fi fẹ́ jóná.

Nígbà tí a jókòó, mo gbé fọ́ọ̀kì síwájú àlejò. Ó rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó lọ fọwọ́, ó padà wá, ó bu iyán, ó yí i roboto láàárín ìka, ó fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀, ó fi kó ẹ̀fọ́, ó gbé e mì. Ìyá mi gbàgbé láti jẹ tirẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Bí a ṣe ń jẹ ìrẹsì wa nìyẹn, Màmá. Ó ní irú kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ra bí èyí. Ọwọ́ la fi ń jẹ ẹ́. Ta ní ń fi irin jẹ irú oúnjẹ báyìí?"

Ìyá mi wo fọ́ọ̀kì tó wà lọ́wọ́ èmi ọmọ rẹ̀. Mo dìde lọ fọwọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni àlejò wa ti di ará ilé. Ìyá mi kọ́ ọ ní ìkíni ìlú wa, "Ókun o," ó sì ń fi kí gbogbo ènìyàn, látorí maigádì títí dé òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó wá kí wa. Ṣùgbọ́n ohun tó gba ọkàn rẹ̀ jù nínú ilé náà ni odó. Ó máa ń lọ dúró tì í, á fọwọ́ pa á lára. Ó ní àwọn náà ní i, tiwọn kàn kéré sí i ni. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ó tọ́ka sí igi ìbẹ́pẹ ẹ̀yìn ilé wa, ó bẹ ìyá mi pé kó fún òun ní ọ̀kan tí kò tíì pọ́n.

Ìyá mi fi Yorùbá bi mí pé, "Ṣé ibà ń ṣe é ni?" Nítorí pé nílé wa, tí a bá já ìbẹ́pẹ dúdú, ìkòkò àgbo ló ń lọ.

Ibà ò ṣe é. Ó bó o, ó rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ bí okùn, ó dà á sínú odó pẹ̀lú aáyù, tòmátì, edé, ẹ̀pà yíyan, ọsàn wẹ́wẹ́, ṣúgà díẹ̀, àti ẹ̀kúnwọ́ ata wẹ́wẹ́. Ó ń fi ọmọ odó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ó ń fi ṣíbí yí i, bí ẹni tí kò fẹ́ kó dùn ún. Ìyá mi dúró, ó kàwọ́ pọ̀. Ìbẹ́pẹ tútù, láìsè, nínú odó iyán rẹ̀!

Ó tọ́ ọ wò. Ó ní, "Ó mà dùn o." Ó tún bu ṣíbí kan sí i. Lẹ́yìn náà òógùn yọ sí i níwájú orí. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìyá mi ni ẹni tí gbogbo ìdílé wa gbà pé kò sẹ́ni tó lè bá a jẹ ata dọ́gba.

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ ń sunkún ni?"

"Ta ló ń sunkún? Ojú mi ló ń ṣomi."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni àlejò sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbàgbé. A wà lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ, ìyá mi ń mu omi ife lé ife. Mo bi àlejò bó ṣe jẹ́ pé gbogbo ayé ló mọ oúnjẹ wọn. Ó ní kì í ṣe pé ó kàn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìjọba wọn pàápàá máa ń ran àwọn tó bá fẹ́ ṣílé oúnjẹ sókè òkun lọ́wọ́.

"Oúnjẹ ló ń kọ́kọ́ rìnrìn àjò. Ẹnì kan á jẹ ẹ́ nínú òtútù níbi tó jìnnà, á dùn mọ́ ọn, á fẹ́ mọ ibi tó ti wá. Ọjọ́ tó bá wá, á rí etíkun wa, á rí òkè wa, á rí wàhálà wa náà. Ṣùgbọ́n á ti fẹ́ràn wa kó tó rí wàhálà yẹn."

Ìyá mi gbé ife kalẹ̀. "Àwa ńkọ́? Kí ló ń ṣáájú wa dé ọ̀dọ̀ yín?"

Àlejò wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Èmi náà wo tèmi. Ìyá mi ló dá ara rẹ̀ lóhùn: "Ẹjọ́. Ẹjọ́ ló ń ṣáájú wa débẹ̀."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a mú un lọ sí ọjà Wuse. Ó fi fóònù rẹ̀ sílé, ó ní òun fẹ́ lo ọwọ́ òun méjèèjì. Ní ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ata, ìyá mi kí i, "Sànnu," ọkùnrin náà sì dáhùn, "Yauwa, Hàjíyá," nítorí gbogbo obìnrin tó bá ti ní ewú lórí ni Hàjíyá lójú tirẹ̀, yálà ó lọ sí Mẹ́kà tàbí ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an, àlejò wa ti mú ata wẹ́wẹ́ kan nínú agbọ̀n, ó jù ú sẹ́nu bí ẹ̀pà.

"Kai!" Ọkùnrin náà gbá orí mú. Ó pe ará ìsọ̀ kejì. Ó pe ará ìsọ̀ kẹta. Ó ṣa rodo kan tó pọ́n bí oòrùn àṣálẹ́, ó nà án sí i bí ẹni tó ń pe ènìyàn níjà. Àlejò gbà á, ó gé e jẹ títí dé ìdí. Ojú rẹ̀ pọ́n, omi ń dà wọ̀ọ̀, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sókè. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ọlọ́ja bu ènì sí i, ó tún bu ènì lé ènì.

Ó bi mí ní Hausa ibi tí obìnrin náà ti wá. Hausa mi ò dán mọ́rán, ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé Táílàǹdì ni.

Ó ní, "Ìlú tí wọ́n ti ń jẹ ata nìyẹn."

"Ṣé ẹ mọ ibẹ̀ ni?"

"N ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí."

Nígbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà kù díẹ̀ kó parí, wọ́n se àsè fún wọn ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní olùgbàlejò mú un wá. Ìyá mi wé gèlè, mo wọ bàtà gíga. Sùpàgẹ́tì ni wọ́n gbé fún wa, pẹ̀lú ànàmọ́ òyìnbó díndín, adìẹ funfun tí kò mọ ata rí láyé rẹ̀, àti kábéèjì tí wọ́n da nǹkan funfun lé. Àlejò wa wo àwo rẹ̀, ó wo àwo ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin tó ṣètò gbogbo nǹkan náà kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá kan tó wọ kóòtù, àlejò wa dá a dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, oúnjẹ Nàìjíríà dà?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "A ò fẹ́ da inú yín láàmú ni."

Nígbà tí wọ́n ní kí ẹnì kan nínú àwọn àlejò wá dúpẹ́, àlejò wa ló dìde. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn awakọ̀. Ó wá ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti ń jẹun nílé Màmá yìí. Inú mi ò dàrú rí. Ọ̀la ni Sátidé. Gbogbo yín, ẹ wá bá wa jẹun."

Wọ́n pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn yíjú sí wa. Ìyá mi ò gbọ́ ohun tó sọ, òun àti adìẹ funfun ń bá ara wọn jìjàkadì.

"Kí ló sọ tí wọ́n fi ń wò mí?"

"Ó pè wọ́n wá jẹun ni, Mọ́mì."

"Níbo?"

"Nílé wa."

"Nígbà wo?"

"Lọ́la."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ ìyá mi. Ó dìde, ó juwọ́ sí gbogbo yàrá náà pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ń wí pé, "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ káàbọ̀," ó sì ń gba àárín eyín bá mi sọ̀rọ̀: "Ọmọ yìí fẹ́ pa mí."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ìyá mi ti pe gbogbo obìnrin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tó ń gbé nítòsí. Wọ́n dé pẹ̀lú ìkòkò, pẹ̀lú ọmọ odó tiwọn, pẹ̀lú ìmọ̀ràn tí kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Iná mànàmáná lọ, nítorí náà èmi ni mo gbé ẹ̀wà tí a ti bó lọ sọ́dọ̀ ọlọ́lọ. Nígbà tí mo padà, àlejò wa ti so ìró mọ́ àyà, òun àti ìyá kan láti ìlú wa ń gún iyán ní àgúnpọ̀, ẹni yìí sọ̀, tọ̀hún gbé. Ó ṣi ọmọ odó sọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ìyá náà pariwo, ó sì ń kígbe "Ókun o! Ókun o!" bí ẹni pé àforíjì ló ń tọrọ.

Àwọn àlejò tó kù dé lọ́sàn-án, wọ́n ń gbọ́ odó láti ẹnu géètì. Ìyá mi wà nídìí àkàrà. Obìnrin kan láti Bùràsíìlì ya kúrò láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó lọ dúró tì í. Ó ní ní ìlú òun, àwọn obìnrin tó wọ aṣọ funfun máa ń din èyí ní ẹ̀gbẹ́ títì, nínú epo pupa. Wọ́n á là á láàárín, wọ́n á fi edé há a. Àwọn tó bá wá fún ojú lóúnjẹ láti gbogbo ayé ń tò fún un, wọ́n sì ń ya àwòrán àwọn obìnrin náà sórí káàdì.

Ìyá mi rò pé ó ń ṣàwàdà. "Kí ni wọ́n ń pè é?"

Obìnrin náà pè é. Ìyá mi ní kó tún un pè. Ó tún un pè, jẹ́jẹ́: àkàràjẹ.

Ìgbakọ dúró lókè. "Àkàrà," ni ìyá mi wí. "Jẹ. Ẹ gbọ́ o! Wọ́n ní kí a jẹ àkàrà!" Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n dì mọ́ obìnrin Bùràsíìlì bí ọmọ tó ti sọnù tipẹ́, ìyẹn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún gidi, kì í ṣe ti ata. Ó bi ìyá mi bóyá àwọn ló ni ín.

"A jọ ni ín," ni ìyá mi dáhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé o rí i? Wọ́n ń fi àkàrà wa yangàn fún gbogbo ayé lọ́hùn-ún. Àwa ń fi sùpàgẹ́tì ṣàlejò."

N kò ní purọ́ pé gbogbo nǹkan ló dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Ọkùnrin kan láti Họ́láǹdì fi ṣíbí gbé ilá sókè, ó rí i pé ilá náà kò fẹ́ já kúrò lára àwo, ó rọra dá a padà. Ó sọ fún ìyá mi tòótọ́tòótọ́ pé bó ṣe ń yọ̀ yẹn kò bá òun lára mu. Ìyá mi ní kò burú, gbogbo ẹnu ò lè dọ́gba, ó sì gbé dòdò fún un. Dòdò ló jẹ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó jẹ ti ẹni mẹ́ta.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣètò àsè òtẹ́ẹ̀lì pẹ́ kó tó dé. Kò wọ kóòtù mọ́, bùbá ló wọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá mi, ó jókòó sí igun kan, ó sì kọjú mọ́ iyán bí ẹni tó ti ìrìn àjò bọ̀. Ìyá mi lọ dúró tì í.

"Ọmọ mi, ṣé kò da inú ẹ láàmú?"

Ó gbé òkèlè ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ má bínú, Mọ́mì. Ojú ló ń tì wá. Mo rò pé tí wọ́n bá rí irú àti epo, wọ́n á ní a ò lajú."

Èmi tí mo ṣí fèrèsé nítorí irú, n kò lè wo ojú rẹ̀. Ìyá mi kò bá a wí. Ó fi ẹran ńlá kan lé ọbẹ̀ rẹ̀. "Jẹun," ó ní. "Iyán rẹ ń tutù."

Àlejò wa lọ nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé. Ìyá mi sunkún ní pápákọ̀ òfurufú, ó sì sọ pé eruku ni. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tọkọtaya àgbàlagbà kan láti ìlú rẹ̀ kọ̀wé sí mi. Wọ́n fẹ́ yàrá kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọn ò ní ìpàdé, wọn ò ní iṣẹ́, wọn ò sì mọ ẹnikẹ́ni. Aládùúgbò wọn ló sọ̀rọ̀ ilé kan ní Àbújá fún wọn. Nígbà tí wọ́n dé, ọkọ sọ fún wa pé ẹni tó wo ìwé ìrìnnà àwọn ní pápákọ̀ òfurufú bi àwọn léraléra pé kí ni àwọn wá ṣe.

"Kí lẹ wá sọ fún un?" ni mo béèrè.

"A ní a wá jẹun. Kò gbà wá gbọ́. Ó pe ọ̀gá rẹ̀."

Ìyá mi mú wọn lọ sí abúlé Kabusa, sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ìyá Gbàgyí, ọmọ onílẹ̀ Àbújá, tó ń dáko iṣu, kí wọ́n lè rí ibi tí iyán ti ń bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo wakọ̀. Òjò ká wa mọ́ ojú ọ̀nà, ọ̀nà di ẹrẹ̀, ọkọ̀ mi sì rì sínú kòtò kan, ó kọ̀ kò jáde. Àwọn ará abúlé jáde sínú òjò, ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n tì í. Baba àgbà náà kọ̀ láti jókòó, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bá wọn tì í, ó sì fi gbogbo ara ṣubú sínú ẹrẹ̀. Wọ́n fà á dìde. Ọ̀kan nínú wọn fi ewé nu ojú rẹ̀.

A jókòó sábẹ́ páànù ilé ìyá Gbàgyí, òjò ń lù ú lókè orí wa kíkankíkan. Ó sun iṣu tuntun fún wa, ó ha èédú ara rẹ̀ kúrò, ó bu epo pupa sínú abọ́, ó fi iyọ̀ sí i. Ìyàwó baba náà kàn ń jẹ ni. Baba wo ṣòkòtò rẹ̀ tó ti di aláwọ̀ ilẹ̀, ó bi ìyá mi, bí àwàdà bí òótọ́, pé kí ni kí òun sọ nípa ọ̀nà yìí tí òun bá délé.

Ìyá mi ò ṣàwàdà. "Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ má bá wa bò ó. Ẹ ní ọ̀nà wa burú, ẹ ní a rì sínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ sọ irú àwọn tó tì yín jáde náà."

Baba rọra mi orí sókè sódò. Ó ní òun á sọ méjèèjì, ṣùgbọ́n iṣu lòun á kọ́kọ́ mẹ́nu bà.

Ìyàwó na abọ́ rẹ̀ síwájú láìwo ẹnikẹ́ni. Epo rẹ̀ ti tán. Ìyá Gbàgyí rẹ́rìn-ín, ó sì bu òmíràn sí i.